Ojú Owó Kì í Ṣe Èrè: Ìròyìn Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ ní Àkókò Ọ̀dá Owó

 Kókó ọ̀rọ̀ tí àwọn olóòtú ètò yìí gbé lé mi lọ́wọ́ ni ìròyìn nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun tí ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣòwò, pàápàá ní àkókò tí ọ̀dá owó bá dá ìlú. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti owó. Ó kàn mí púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ìròyìn, èdè ni a sì fi ń gbé e kalẹ̀. Bí a bá pe nǹkan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, bí a ó ti ṣe é yóò ṣì wá lọ́wọ́. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ẹyọ kan lọ: owó tí a kó fún oníṣòwò láti fi ṣòwò yàtọ̀ sí owó tí ó jèrè. Ìròyìn a máa da méjèèjì pọ̀. Àkókò ọ̀dá owó ni í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn baba àti àwọn ìyá wa kò da ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Owó tí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ òwò ni wọ́n ń pè ní ojú owó. Ohun tí ó bá lé lórí ojú owó lẹ́yìn tí a ti tà tán, tí a ti yọ owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀ kúrò, ni èrè. Bí a bá yá ojú owó náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbèsè ni, èlé sì ń gorí rẹ̀. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bá da owó pọ̀, ìpín wà fún olúkúlùkù. Obìnrin tí ó kó èésú ní oṣù yìí mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé òun kò tí ì jèrè kọ́bọ̀, nítorí pé òun yóò ṣì máa dá èésú náà títí yóò fi kárí. Bí àwọn aládùúgbò bá sì wá bá a yọ̀ pé ó ti di olówó, yóò rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo bí ìròyìn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń rí. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìròyìn gbòde kan pé Flutterwave, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 2016 láti máa bá àwọn oníṣòwò gba owó, ti rí 250 mílíọ̀nù dọ́là, àti pé iye rẹ̀ ti ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ. Òótọ́ ni ìròyìn náà. Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ “rí owó” níbẹ̀? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn olówó kan san iye yẹn láti fi gba ìpín nínú òwò náà. Báwo ni a sì ti ń mọ “iye” ilé-iṣẹ́? Bí ẹnì kan bá san 250,000 náírà láti gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣọ́ọ̀bù kan, a ó ṣírò rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù náà tó 2,500,000 náírà. Kò sí ẹni tí ó ka 2,500,000 náà sórí tábìlì. Ìrètí ni a fi ṣe ìdíwọ̀n rẹ̀, ìrètí náà sì lè ga sí i tàbí kí ó wálẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí padà.

Ojú ọjọ́ sì yí padà lóòótọ́, ní ibi tí ó jìnnà sí wa. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ èlé rẹ̀ kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Ẹni tí ó bá fi owó pamọ́ sí báǹkì níbẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà lé e. Nítorí náà, àwọn olówó wá ibi tí owó wọn ti lè bímọ, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì dé Èkó, Nairobi àti Cairo. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹta ọdún 2022, báǹkì àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè láti fi dẹ́kun ọ̀wọ́n ọjà, nígbà tí ó sì fi di àárín ọdún 2023, ó ti kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 kan náà ni Silicon Valley Bank, báǹkì tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun ń fi owó sí, dojú dé. Owó tí ó ti ń rìn kiri bá orí dé ilé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ná ojú owó bí ẹni ń ná èrè wá wòye pé kò sí ẹni tí yóò tún bu omi sínú àmù.

Bí ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀ lókè òkun, ìlú tiwa náà kò rọgbọ. Ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti sún sẹ́yìn ní 2016 nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀, ó sì tún sún sẹ́yìn ní 2020. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Jálá epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa jọ̀wọ́ iye náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà di èyí tí ó ju 1,500 náírà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba ní ọ̀wọ́n ọjà ti di 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú gègé kí ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ń pa 46 mílíọ̀nù náírà wọlé lóṣooṣù lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ìdá 460 náírà sí dọ́là kan, 100,000 dọ́là ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ńlá tí ó ń yá lò wà ní òkè òkun, dọ́là ni wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀. Nígbà tí dọ́là di 1,500 náírà, 46 mílíọ̀nù kan náà kò ju 30,667 dọ́là lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe ọ̀lẹ, oníbàárà kan kò sì fi í sílẹ̀; síbẹ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ti lọ. Nítorí náà ni a kò ṣe gbọdọ̀ fi ẹni tí ó kógbá sílé ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tí wọ́n kógbá sílé sì wà. Ilé-iṣẹ́ 54gene, tí a dá sílẹ̀ ní 2019 láti ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ àti ìran àwọn ènìyàn Áfíríkà kí a lè rí oògùn tí ó bá wa lára mu, ti gba nǹkan bí 45 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Ní 2023 ó ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Jumia fi òpin sí iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ lọ sí ilé oníbàárà ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tí ó ti ń ṣe é. Bolt náà pa irú iṣẹ́ yẹn tì ní Nàìjíríà ní oṣù kan náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí epo ọ̀kadà bá wọ́n, tí ìrẹsì inú abọ́ náà sì wọ́n, ẹni tí ó ti ń ránṣẹ́ ra oúnjẹ yóò padà sí ìdí ààrò rẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀dínwó tì lẹ́yìn kí oníbàárà lè rà á, ojú owó ni a fi ń ra oníbàárà náà. Ẹni tí a fi owó rà kì í dúró bí owó bá tán.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni ó wù mí kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí pé ìròyìn kì í pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí a bí sínú ọ̀dá owó, tí wọ́n sì dàgbà. Shola Akinlade àti Ezra Olubi, tí wọ́n jọ kàwé ní Babcock University, dá Paystack sílẹ̀ ní 2015, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣẹ́ wọn fún gbogbo ènìyàn ní 2016, ọdún tí ọrọ̀ ajé sún sẹ́yìn. Ìṣòro kan ṣoṣo ni wọ́n dojú kọ: ẹni tí ń ta ọjà lórí ayélujára kò rí ọ̀nà tí ó rọrùn gba owó rẹ̀. Nínú owó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bá a gbà, wọ́n ń yọ díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ni èrè wọn. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ fún ni ó ń san án. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọdún ọ̀dá owó mìíràn, Stripe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ra Paystack. Iye tí a gbọ́ ni pé ó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Ní 2016 kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n jáde ní Covenant University ní Ọ̀tà bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní PiggyVest lónìí. Kóló onípákó ni ó fún wọn ní òye. Ní òpin ọdún 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló rẹ̀ hàn lórí ayélujára, ó ní 1,000 náírà ni òun ń jù sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ náà wò ó, wọ́n sì gbé kóló náà sínú fóònù. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò kọ́ Yorùbá tàbí Ìgbò tàbí Hausa ní ohun tí wọn kò mọ̀ rí. Ohun tí alájọ ti ń ṣe ní ọjà wa kí a tó bí baba wa ni wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe.

Ó yẹ kí a mú ọ̀rọ̀ wá sí Ọ̀fà níhìn-ín. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ọlọ́ṣà ya wọ àwọn báǹkì ìlú yìí, wọ́n sì pa àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ará ìlú tí iye gbogbo wọn lé ní 30. A kò lè gbàgbé wọn, n kò sì ní fi ikú wọn ṣe ẹ̀ṣọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá kókó wa mu ni pé nígbà tí àwọn báǹkì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìjàǹbá náà, tí wọn kò sì tètè ṣí i, oníṣòwò ṣì ní láti tà, òbí ṣì ní láti fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ ní Pólì. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni a ń mọ ohun tí oní-POS wà fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí báǹkì àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà tí owó ìléwọ́ sì di góòlù, ẹnu fóònù àti abẹ́ agboòrùn oní-POS ni ìlú ti ń rí owó ná, títí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fi pàṣẹ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún.

Ní abẹ́ agboòrùn yẹn ni ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ bí OPay àti Moniepoint wà. Moniepoint yìí, TeamApt ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní 2015, iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe fún àwọn báǹkì ni ó kọ́kọ́ fi ń jẹun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láàárín ọ̀wọ́n ọjà tí mo ti ka iye rẹ̀ fún yín, àwọn olùdókòwò tún fi 110 mílíọ̀nù dọ́là sínú rẹ̀. Owó náà bá òwò níbi tí ó ti ń rìn. Síbẹ̀ n kò wá polówó ẹnikẹ́ni. Ní oṣù ọ̀wọ́n owó yẹn, ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó fẹ́ gba owó ara rẹ̀ ní láti fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn fi owó ránṣẹ́, owó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì dé ibi tí ó ń lọ. Ẹ̀rọ tí ó wúlò lè ni ènìyàn lára. Ìbéèrè tí ìròyìn yẹ kí ó máa béèrè nìyí: ta ni ó rí ìrànwọ́ gbà, ta ni ó sanwó rẹ̀, èló sì ni?

Ẹnì kan lè takò mí pé, “Ọ̀gá, kò sí ohun ńlá tí a lè ṣe láìsí owó àlejò.” Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin tí ó kúrò ní Òṣogbo, tí ó gba Ọ̀fà yìí kọjá, tí ó sì dé Ìlọrin ní 1908, kì í ṣe èésú àwọn àgbẹ̀ ni a fi ṣe é. Ojú owó ńlá ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ Ọ̀fà di ọjà ńlá ni ẹrù tí ọkọ̀ náà ń kó àti àwọn oníṣòwò tí ń wọ̀ ọ́. Kì í ṣe iye tí a ná lórí irin rẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ni. Bí kò fún ni lọ́rùn, a ṣo ni lápá. N kò ní kí a má yá ẹ̀wù. Mo ní kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mọ̀ pé òun yá a ni, kí a sì má ṣe bá a jó bí ẹni pé òun ni ó rán an.

Èéṣe tí mo fi tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ẹni tí kò mọ ojú owó yàtọ̀ sí èrè ni ẹran àwọn gbájú-ẹ̀. Ní 2016, nígbà tí ọ̀dá owó mú, MMM wọ ilé wa, ó ṣèlérí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Kò rà, kò tà. Ojú owó ẹni tí ó dé lónìí ni ó ń pè ní èrè ẹni tí ó dé lánàá. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó gbẹ́sẹ̀ lé owó gbogbo wọn. A rò pé a ti kọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX, tí ó ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ni òun fi ń ṣòwò, tí ó sì ṣèlérí pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan, tún dojú dé. Àwọn tí inú bí lọ kó ẹrù inú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. N kò fi ilé-iṣẹ́ olóòótọ́ wé gbájú-ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, “wọ́n rí owó”, ni etí ń gbọ́ nípa àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ó ti gbọ́ lọ́dọọdún pé rírí owó àwọn ẹlòmíràn ni àṣeyọrí, kí ni yóò fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, nígbà tí owó ilé-ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ebi sì ń pa á?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní iṣẹ́ kan tí kò gba owó. Ẹ mú ìròyìn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kan wá sí kíláàsì, kí ẹ ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ ní Yorùbá láìlo “rí owó” rárá. Kí wọ́n yan ọ̀kan nínú ojú owó, èrè, gbèsè àti ìpín. Bí ìròyìn bá ní ilé-iṣẹ́ kan rí mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, ọmọ yóò ní láti kọ ọ́ pé àwọn kan san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là láti gba ìpín nínú rẹ̀, tàbí pé wọ́n yá a, yóò sì san án padà pẹ̀lú èlé. Bí kò bá lè yan ọ̀kan, ìròyìn náà kò tí ì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Oníbàárà wo ni ó ń sanwó fún iṣẹ́ náà? Kí ni ó ń kù lẹ́yìn ìnáwó? Bí àwọn olówó bá dáwọ́ dúró lónìí, oṣù mélòó ni ilé-iṣẹ́ náà yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dá owó bà yín lẹ́rù. Ọdún ọ̀dá kì í purọ́ fún oníṣòwò: ohun tí àwọn ènìyàn bá ṣì ń sanwó fún nígbà tí owó kò sí, ohun tí wọ́n nílò ni. Ẹ wá a rí ní ọjà Ọ̀fà kí ẹ tó wá olùdókòwò rí ní òkè òkun. Bí owó àlejò bá sì dé, ẹ gbà á, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sínú ìwé yín: ojú owó. Kí ẹ fi àyè èrè sílẹ̀ ní òfo títí iṣẹ́ ọwọ́ yín yóò fi kún un.